Bí Lẹ́tà Akéwì Ṣe Fìdí Múlẹ̀ ní Èkó

Kí bébà tó dé ọ̀dọ̀ wa, owó ẹyọ ni ọ̀rẹ́ fi ń bá ọ̀rẹ́ tó wà lókèèrè sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá so ẹyọ mẹ́fà pọ̀ tó fi ránṣẹ́ ti wí tirẹ̀: ẹ̀fà, ọkàn mi fà sí ọ. Bí ẹni tó gbà á bá fi ẹyọ mẹ́jọ dáhùn, ó ti gbà nìyẹn: ẹ̀jọ, ọ̀rọ̀ wa jọ. Ẹyọ méjì tí a so ní ojú-sí-ojú, ìrẹ́pọ̀ ni. Bí wọ́n bá kẹ̀yìn síra, ìjà ti dé. Ẹ kíyè sí ohùn ibẹ̀. Ohùn ìsàlẹ̀ ni “fà” nínú ẹ̀fà, ohùn ìsàlẹ̀ náà ni “fà” tí ọkàn ń fà; ohùn àárín ni “jọ” nínú méjèèjì. Bí ohùn bá yẹ̀ pẹ́nrẹ́n, àrokò náà ti fọ́. Ibi tí lẹ́tà àwọn akéwì wa ti ṣẹ̀ gan-an nìyí, kì í ṣe inú àpò òṣìṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́. Láti ìgbà tí bébà ti gba ipò ẹyọ, wàhálà kan ṣoṣo ló ń bá lẹ́tà akéwì fà á: báwo ni ohùn yóò ṣe dúró lórí ìwé?

Ọdún 1852 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá ilé ìfìwéránṣẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, ọdún mẹ́sàn-án kí wọ́n tó sọ ìlú náà di ti ọba wọn ní 1861. Ọkọ̀ ojú omi tó ń ru lẹ́tà kì í lè wọ inú ọ̀sà, nítorí iyanrìn tó ṣù jọ sí ẹnu ọ̀nà òkun. Ìta ni yóò dúró sí, ọkọ̀ kékeré ni yóò sì lọ kó àpò lẹ́tà wọlé. Nígbà tí ìgbì bá le, àwọn àpò náà a dúró títí òkun yóò fi rọ̀, òmíràn a sì dé pẹ̀lú omi iyọ̀ lára. Oṣù kẹfà ọdún 1874 ni Èkó ní sítáńpù tirẹ̀, tó ní àwòrán orí Ọbabìnrin Victoria lára.

Ṣùgbọ́n èdè wo ni wọ́n ń kọ? Gẹ̀ẹ́sì ni púpọ̀ jù. Lẹ́tà tó lókìkí jù lọ tí ọmọ Yorùbá kọ láyé ìgbà náà ni èyí tí Àjàyí Crowther kọ ní 1837 láti Fourah Bay ní Sierra Leone, tó fi ròyìn bí wọ́n ṣe kó o lẹ́rú ní 1821. Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́, ó sì hàn gbangba ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀: kò tíì sí ìlànà ìkọ̀wé Yorùbá kan tí gbogbo ènìyàn fọwọ́ sí. Ní oṣù kìíní ọdún 1875, àwọn ìjọ CMS (Church Missionary Society, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Gẹ̀ẹ́sì) pe ìpàdé ní Èkó lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Àmì ìsàlẹ̀ ẹ, ọ àti ṣ fìdí múlẹ̀. Àmì ohùn kò ṣàjèjì sí wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi gègé kọ lẹ́tà kì í sáábà ní sùúrù fún un. Àkọsílẹ̀ wà, ohùn kò sí. Ẹni tó bá kọ “igba” sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè máa sọ̀rọ̀ nípa igba, igbá, ìgbà tàbí igbà tí wọ́n fi ń gun ọ̀pẹ. Nínú lẹ́tà ọjà, ọ̀rọ̀ tó yí i ká yóò tú u. Nínú ewì, níbi tí akéwì ti mọ̀ọ́mọ̀ fi ohùn òkè parí ìlà kan kí ohùn ìsàlẹ̀ lè dá a lóhùn nínú ìlà kejì, nǹkan ti bàjẹ́.

Àwọn tí kò mọ̀wé ní tiwọn ń lọ bá àwọn lẹ́tà ráítà tó gbé tábìlì kalẹ̀ nítòsí ilé ìfìwéránṣẹ́ àti kóòtù. Òfin ìjọba amúnisìn pa á láṣẹ pé ẹni tó bá bá aláìmọ̀wé kọ ìwé gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àti àdírẹ́ẹ̀sì ara rẹ̀ sí i, kí a lè mú un bó bá yí ọ̀rọ̀ padà.

Àwọn ọdún 1920 ni lẹ́tà di lítíréṣọ̀ ní Èkó. Ìwé ìròyìn Yorùbá rú jáde léraléra: Èkó Àkéte ní 1922, Elétí Ọfẹ ní 1923, Akéde Èkó ní 1928. Lẹ́tà tí òǹkàwé kọ sí olóòtú ni ẹran ara wọn, ewì sì ń bá a rìn. Láàárín 1929 sí 1930, I. B. Thomas, olóòtú Akéde Èkó, gbé ìtàn ìgbésí ayé Ṣẹ̀gilọlá jáde díẹ̀díẹ̀ bí ẹni pé obìnrin náà ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé gbà pé òun ni ìwé ìtàn àròsọ àkọ́kọ́ ní èdè wa. Kò yà mí lẹ́nu pé ara lẹ́tà ló gbà wá: ohun tí àwọn ará Èkó mọ̀ ọ́n kà nígbà náà nìyẹn.

Táípúráítà mú wàhálà tirẹ̀ wá. Kò ní ẹ, kò ní ọ. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á tẹ “e”, wọ́n á dá ẹ̀rọ padà sẹ́yìn ní ìgbésẹ̀ kan, wọ́n á yí ìwé sókè díẹ̀, kí wọ́n tó tẹ àmì ìdánudúró sí abẹ́ rẹ̀. Bí wọn kò bá yí i padà sí ojú ibi tó wà gẹ́lẹ́, ìyókù ìlà á wọ́. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ yàn láti fi bíírò fi àmì sí i lẹ́yìn tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ tán. Níbí gan-an ni ẹ̀dà tó wà lábẹ́ kábọ̀n ti ń jìyà: bí wọ́n bá ti ya bébà méjèèjì kúrò lára ara wọn kí bíírò tó kàn án, ẹ̀dà tí akéwì fi pamọ́ kò ní àmì kankan. Ìdí nìyẹn tí lẹ́tà tó wà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ fi máa ń dára ju èyí tó wà nínú fáìlì ọ̀gá rẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn tí Yunifásítì Èkó bẹ̀rẹ̀ ní 1962, tí àwọn olùkọ́ bí Adéboyè Babalọlá, onímọ̀ ìjálá, ń kọ́ni ní Akọ́kà, lẹ́tà láàárín olùkọ́ àti ẹni tó ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde gba ọ̀nà tuntun. Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ “ẹ” sí ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá á dá “o” padà. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe á fi ààyè ńlá sílẹ̀ lápá ọ̀tún, á fi nọ́ńbà sí ìlà ewì rẹ̀ ní mẹ́rin-mẹ́rin tàbí márùn-ún-márùn-ún, á sì fi àpò lẹ́tà tó ti lẹ sítáńpù mọ́ sínú rẹ̀ fún èsì. Ìlà tó gùn ju bébà lọ ń kó ìdààmú báni: ìyókù rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ inú díẹ̀ nísàlẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹni tó gbà á yóò rò pé ìlà méjì ni. Ní ti ìkádìí, “èmi ni tiyín ní tòótọ́” tí ilé ìwé fi kọ́ni kò dùn mọ́ mi rárá. Gẹ̀ẹ́sì ló wọ aṣọ Yorùbá. “Ó dìgbà o” tó.

Ní 1974 ni ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ tí à ń lò lónìí. “Aiye” di ayé, “enia” di ènìyàn, “nwọn” di wọ́n, “yio” di yóò. Bí lẹ́tà kò bá ní déètì, àkọtọ́ rẹ̀ lè tọ́ni sọ́nà, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi búra, nítorí ọ̀pọ̀ àgbà kò yí ọwọ́ wọn padà. Àpò lẹ́tà ló ṣeé gbára lé. Òǹtẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ ní ọjọ́ àti ìlú lára. Bí iye sítáńpù bá jẹ́ kọ́bọ̀, ẹ mọ̀ pé kò ṣáájú 1973 tí a bẹ̀rẹ̀ sí ná náírà. Ẹni tó sọ àpò lẹ́tà nù ti sọ ìdajì ẹ̀rí nù.

Ọ̀tá lẹ́tà pọ̀ ní Èkó: ọ̀rinrin, ikán, rọ́bà tó ń yọ́ mọ́ bébà, píìnì tó ń dípẹtà. Ẹ yọ píìnì àti rọ́bà kúrò, ẹ tẹ́ bébà kalẹ̀ láìká a, ẹ gbé e kúrò nílẹ̀ àti lára ògiri, ẹ má sì fi sẹ̀lótéèpù lẹ ibi tó ya.

Bébà jẹ́ ti ẹni tí a kọ ọ́ sí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣì jẹ́ ti ẹni tó kọ ọ́. Òfin Nàìjíríà fi ẹ̀tọ́ náà sílẹ̀ fún àwọn àjogún rẹ̀ fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, nítorí náà ọ̀dọ̀ wọn ni a ti ń gba àṣẹ ká tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Nígbà tí a bá sì ń tẹ̀ ẹ́, kí a fi lẹ́tà náà sí ojú ewé òsì bí akéwì ṣe kọ ọ́, láìfi àmì kan kún un, kí èyí tí a ti fi ohùn sí wà ní ọ̀tún. Ohùn tí a fi sí i, ohùn tiwa ni. Ẹlòmíràn lè ka “igba” yẹn kó gbọ́ igbá.