Kẹ́ ẹ tó wo ẹsẹ̀ àwọn obìnrin Punjab, ẹ gbọ́ ẹnu wọn ná

Iṣẹ́ kí n kọ́ èèyàn níjó ni mò ń ṣe, fídíò ijó ilẹ̀ òkèèrè tí wọ́n sì máa ń fi ránṣẹ́ sí mi jù lórí WhatsApp ni tàwọn obìnrin Índíà kan tí wọ́n wọ aṣọ aláràbarà, wọ́n á ṣe agbo róbótó, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́, méjì nínú wọn á wà láàárín tí wọ́n ń jó. Ohun tó máa ń tẹ̀ lé e ni "Ẹ jọ̀ọ́ ẹ kọ́ wa ní sítẹ́ẹ̀pù yẹn, a fẹ́ fi ṣe ìnáwó." Giddha ni wọ́n ń pe ijó náà, Punjab ló ti wá, ìyẹn ilẹ̀ tí wọ́n pín sí méjì lọ́dún 1947, apá kan bọ́ sí Índíà, apá kan bọ́ sí Pakísítánì. Sítẹ́ẹ̀pù ẹ̀ ò le rárá. Ẹ tẹ orúnkún díẹ̀, ẹ fẹsẹ̀ kilẹ̀, ẹ ju ọwọ́ sókè, ó tán. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ló le, ìyẹn gan-an làwọn èèyàn sì máa ń fò.

Boli ni wọ́n ń pe ọ̀rọ̀ yẹn. Obìnrin kan á bọ́ síwájú, á gbé boli, ó lè má ju ìlà kan sí méjì lọ, ó sì lè gùn gan-an, àwọn tó kù á rọra máa pàtẹ́wọ́ tẹ̀ lé e. Wọn ò tíì máa jó lásìkò yẹn o, wọ́n ń gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ń já sí ni. Tó bá wá dé ìlà ìparí, níbi tí ata wà, gbogbo agbo á gba ìlà yẹn lẹ́nu ẹ̀, àtẹ́wọ́ á di kíákíá, ìgbà yẹn gan-an làwọn méjì tó wà láàárín á wá da ijó sílẹ̀. Wọ́n á gbé e bí ẹ̀ẹ̀mélòó kan, ó parí, ẹlòmíì á gbé tiẹ̀. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ló kọ́kọ́ dé, ijó wá dá a lóhùn. Wọ́n máa ń lu dholki, ìlù olójú méjì kan báyìí, wọ́n tún máa ń fi òrùka ọwọ́ kan ìkòkò amọ̀, àmọ́ tí gbogbo ìyẹn ò bá sí, àtẹ́wọ́ tó.

Boli kan wà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ọmọ Punjab tí ò mọ ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀, "Bari barsi khatan gaya si", ìyẹn ni pé ọdún 12 lọkùnrin kan fi wá owó lọ. Ìlà kejì á wá sọ nǹkan tó mú bọ̀. Ẹ má wá ìtumọ̀ kankan sí nǹkan yẹn jàre, ó lè jẹ́ àwo ìjẹun, ó lè jẹ́ nǹkan míì, kí ìró ẹ̀ ṣáà lè bá ìlà ìparí mu ni, ìlà ìparí yẹn sì ni obìnrin á ti sọ tinú ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ìlà àkọ́kọ́ yẹn ò ṣàdédé wá. Ọkùnrin Punjab ti pẹ́ lẹ́nu ìrìn àjò: àwọn òyìnbó kó wọn sí iṣẹ́ ológun rẹpẹtẹ, wọ́n jagun àgbáyé méjèèjì, lẹ́yìn ẹ̀ wọ́n tún ń wọ́ lọ sí ìlú ọba àti Kánádà, ìyàwó á wà nílé lọ́dọ̀ ìyá ọkọ. Ta ló fẹ́ gbọ́ ẹjọ́ ẹ̀?

Nígbèríko wọn, ọmọbìnrin kì í sábà fẹ́ ará abúlé ẹ̀, abúlé míì ló ń lọ lọ́kọ, ọ̀pọ̀ ìyàwó láyé ọjọ́un ló sì máa ń fi ìborùn bojú níwájú bàbá ọkọ àti ẹ̀gbọ́n ọkọ tó jẹ́ ọkùnrin, kò ní gbóhùn sókè. Oṣù Saun á wá dé, lásìkò òjò, láàárín July sí August, ìgbà yẹn ni àjọ̀dún Teeyan. Àwọn ìyàwó á padà sílé bàbá wọn, wọ́n á so jangirọ́fà mọ́ igi ńlá, wọ́n á se kheer, ìyẹn ìrẹsì tí wọ́n fi mílíìkì àti ṣúgà sè, wọ́n á da phulkari borí, aṣọ tí wọ́n fi òwú aláwọ̀ mèremère ṣe iṣẹ́ ọnà sí lára, àwọn tí wọ́n jọ ṣe kékeré á tún pàdé. Ìyá ọkọ ò sí ńbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ ò sí ńbẹ̀. Ẹ wá gbọ́ ẹnu o! Ti ìyá ọkọ tó ń ṣọ́ni lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀, ti àbúrò ọkọ tó ń fẹjọ́ sùn, ti ọkọ tó jẹ́ pé ọmọ màmá ẹ̀ ló ṣì ń ṣe, gbogbo ẹ̀ á jáde. Ọgbọ́n kan náà ló wà nídìí ti ìgbéyàwó. Láyé àtijọ́ ọkùnrin nìkan ló máa ń bá ọkọ ìyàwó lọ mú ìyàwó wá, àwọn obìnrin tó ṣẹ́kù sílé á sì gba ilé kan, ẹlòmíì á wé láwàní, á máa ṣe bí ọkùnrin, wọ́n á fi àwọn ọkùnrin ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Ẹni tó bá mọ bí àwọn ìyàwó ilé tiwa ṣe ń kọ orin òwe síra wọn á tètè rí i, àmọ́ tiwa máa ń dìjà, tiwọn, ẹni tí wọ́n ń sọ ò kúkú sí nítòsí.

Ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín pé gbogbo boli ni ìjà ẹ̀tọ́ obìnrin. Èyí tó ń yin ẹ̀gbọ́n ọkùnrin wà, èyí tó ń tọrọ góòlù wà, èyí tó ń bú aláwọ̀ dúdú wà, èyí tó ń ṣe bíi pé ọmọkùnrin nìkan lọmọ náà wà, èmi ò kì í kọ́ ẹnikẹ́ni ní irú ìyẹn.

Ní báyìí giddha ti dé orí sítéèjì, àwọn yunifásítì Punjab máa ń fi díje, aṣọ kan náà, àkókò tí wọ́n dá fún wọn, boli tí wọ́n ti há sórí. Ó máa ń dùn ún wò. Àmọ́ tí boli bá ti jẹ́ èyí tí tíṣà kọ fún ọmọ, kò sẹ́ni tó ń bú ẹnikẹ́ni mọ́. Àwọn ọkùnrin apá Malwa ní Punjab náà ní giddha tiwọn, ìyẹn ń dá dúró láyè ẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Southall tàbí Birmingham, tí ará ilé kejì tó jẹ́ ọmọ Punjab bá pè yín síbi jaago, alẹ́ tó ṣáájú ìgbéyàwó nìyẹn o, wọ́n á gbé ìkòkò bàbà tí wọ́n to iná sí lára rù, ti ìlú ọba máa ń jẹ́ iná bátìrì. Tí wọ́n bá fà yín wọ àárín agbo, ẹ má tíì jó, ẹ máa wo ojú ẹni tó ń gbé boli, tí agbo bá gbà á lẹ́nu ẹ̀ kẹ́ ẹ wá bẹ̀rẹ̀. Ẹ bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín pé kí ló sọ, inú wọn máa ń dùn láti túmọ̀ ẹ̀, àyàfi èyí tó bá rùn jù. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ dúró sẹ́yìn títí wọ́n á fi pè yín. Tí DJ bá ti wá ki bhangra, ijó Punjab míì, bọ̀ ọ́, ìyẹn ti gbogbo ilé ni, ẹ jó bó ṣe wù yín.