Òrùka tó ń wú díẹ̀díẹ̀ nínú ikùn ajá kékeré

Bí wọ́n bá gbé ajá kékeré dé láti ibi tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ ẹ̀dọ̀ fún un, ojú ọgbẹ́ ni gbogbo ilé máa ń rọ́ wá wò. Wọ́n á yẹ ikùn tí wọ́n ti fá náà wò, ẹnìkan á ní, “Ó ti ń jinná o.” Ọgbẹ́ kọ́ ni wàhálà. Bí ajá náà kò bá ti lá a, tí kò fò sórí àga, tí kò sáré gun àtẹ̀gùn, tí wọn ò sì wẹ̀ fún un, láàárín ọjọ́ 10 sí 14 ni wọ́n á yọ okùn tí wọ́n fi rán an. Ìdí tí wọ́n ṣe fi ike yí orí rẹ̀ ká nìyẹn, kò sì sí àlàyé púpọ̀ níbẹ̀. Iṣẹ́ gidi wà nínú ikùn, kò sì tíì parí lọ́jọ́ tí ajá délé. Ká kúkú sọ pé kò tíì ju pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ.

Àìsàn tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ yìí, tí àwọn dókítà ń pè ní portosystemic shunt, inú ìyá ni ajá ti ń gbé e wá. Lhasa Apso tó kún ìgboro Èkó yìí wà lára àwọn tó máa ń ní in. Yorkshire Terrier, Maltese àti Shih Tzu náà ò gbẹ́yìn. Iṣan ẹ̀jẹ̀ kan tí kò yẹ kó sí níbẹ̀ ló yà kúrò lára iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ ìfun lọ sínú ẹ̀dọ̀, ó wá fo ẹ̀dọ̀ kọjá.

Ẹni tó bá mọ èbúté Àpápá ti mọ ìṣòro yìí dé ìdajì. Ìfun ni ọkọ̀ ojú omi ń já ẹrù sí. Ẹrù rere pọ̀ níbẹ̀, ẹrù òfin náà kò kéré. Olórí ẹrù òfin ni amóníà, tí àwọn kòkòrò tíntìntín inú ìfun ń ṣe jáde lára oúnjẹ tó ní puròtíìnì. Ẹ̀dọ̀ ni aṣọ́bodè. Ó ń tú ẹrù wò, ó ń gba amóníà sílẹ̀, ó ń sọ ọ́ di yúríà, kíndìnrín á sì bá ìtọ̀ dà á nù. Iṣan tó fo ẹ̀dọ̀ kọjá yẹn wá ni ọ̀nà fàyàwọ́. Amóníà á gba ibẹ̀, á wọ ìgboro, á dé ọpọlọ. Ajá á fi orí ti ògiri, á dúró síbẹ̀ gbọin. Tàbí kó máa yí po lójú kan, kí itọ́ máa dà lẹ́nu rẹ̀, nígbà mìíràn kí gìrì mú un. Lẹ́yìn oúnjẹ ni ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀, nígbà tí ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ já ẹrù.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í bi ara wọn ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ́fíìsì aṣọ́bodè fúnra rẹ̀. Níbi tí ẹrù kì í gbà, ta ni yóò gba òṣìṣẹ́ sí? Ẹ̀jẹ̀ ìfun ló ń gbé ohun tí ẹ̀dọ̀ fi ń dàgbà wá fún un. Bí ẹ̀jẹ̀ yẹn bá ti yà gba ibòmíràn, ẹ̀dọ̀ ò ní dàgbà tó bó ṣe yẹ, á kéré sí ara ajá. Ó ku géètì kan, òṣìṣẹ́ méjì, tábìlì kan.

Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè àwọn alájá, “Dókítà, kí ló dé tẹ́ ò kúkú so ọ̀nà yẹn pa lẹ́ẹ̀kan náà?”, fi rọrùn láti béèrè, tó sì léwu láti ṣe. Bí ìjọba bá dí ọ̀nà fàyàwọ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, tí gbogbo tírélà dorí kọ géètì kékeré yẹn, kí ilẹ̀ tó ṣú wọn á ti tò dé Máìlì Tú, ìyókù á ti máa gba Ọ̀ṣòdì. Ẹni tó bá ti jìyà súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Àpápá rí kò nílò ká ṣàpèjúwe fún un. Nínú ajá, ẹ̀jẹ̀ ni yóò tò bẹ́ẹ̀ padà sínú ìfun. Ikùn á wú, á máa dùn ún, á máa ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, ara á tutù, ó sì lè kú kí ilẹ̀ tó mọ́.

Òrùka kan tí wọ́n ń pè ní ameroid constrictor ni wọ́n fi yanjú ọ̀rọ̀ náà. Èyí tí wọ́n sábà ń fi sínú ajá kékeré, ihò àárín rẹ̀ kò ju bíi mìlímítà 5 lọ. Irin tí kì í dípẹtà ni ẹ̀yìn rẹ̀. Kasíìnì ni wọ́n fi ṣe inú rẹ̀, ohun kan náà tó ń dì nínú mílíìkì tí àwọn obìnrin Fúlàní fi ń ṣe wàrà, àmọ́ èyí ti gbẹ, ó ti le koránkorán. Bí dókítà bá ti fi òrùka yí iṣan fàyàwọ́ náà ká, omi ara ajá á máa wọ inú kasíìnì, kasíìnì á sì máa wú. Kò lè wú síta, irin kò gbà á láyè. Inú nìkan ló kù tó lè wú sí. Ihò á máa fún, á máa fún. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ló máa ń yá jù. Lẹ́yìn náà ni ara ajá fúnra rẹ̀ á máa hu àpá yí ibẹ̀ ká, àpá yẹn ló sì máa ń parí ohun tí kasíìnì bẹ̀rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ á gba bí ọ̀sẹ̀ 4 sí 5. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Àwọn tó ń ṣèwádìí nípa ọkàn ló ti ń lo irú òrùka yìí tẹ́lẹ̀, láti fi dí iṣan ọkàn ajá pa díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n lè mọ bí àìsàn ọkàn ṣe ń rìn. Ní ọdún 1996 ni ìwádìí jáde lórí bí wọ́n ṣe fi dí ọ̀nà fàyàwọ́ ẹ̀dọ̀ nínú ajá àti ológbò. Ohun tí wọ́n fi ń dá àìsàn sílẹ̀ di ohun tí wọ́n fi ń wo àìsàn.

Kò ní bátìrì, kò ní ẹ̀rọ, kò sẹ́ni tó máa padà wá yí i. Bí tírélà díẹ̀ bá ṣe ń yà sí géètì lónìí ni aṣọ́bodè á ṣe máa gba òṣìṣẹ́ kún òṣìṣẹ́. Bó bá fi máa di ọjọ́ tí ọ̀nà fàyàwọ́ pa dé, ẹ̀dọ̀ ti ń tóbi, nítorí pé ẹ̀dọ̀ wà lára ẹ̀yà ara tó máa ń hù padà. Ọgbọ́n tó jinlẹ̀ ni. Àbùkù rẹ̀ ni pé kì í gbọ́ ti ẹnikẹ́ni. Bí ẹ̀dọ̀ ajá kan bá ń lọ́ra, òrùka ò ní dúró dè é. Bó bá wá yá jù, ẹ̀jẹ̀ tí kò rọ́nà lè lu ọ̀nà fàyàwọ́ tuntun síbòmíràn, wẹ́wẹ́, púpọ̀, tí òrùka kankan kò lè ká mọ́. Àwọn dókítà kan máa ń lo ọ̀já sẹ̀lóféènì dípò òrùka. Ìyẹn náà, àpá tí ara ń hu ló fi ń dí i, kì í ṣe lójú ẹsẹ̀.

Ohun tí èyí já sí nílé ni pé lọ́jọ́ tí ajá dé láti ilé ìwòsàn, ọ̀nà fàyàwọ́ ṣì ṣí sílẹ̀. Amóníà ṣì ń kọjá. Títí òrùka yóò fi ṣe tirẹ̀ tán, ọwọ́ ẹni tó ń bọ́ ajá ni ìṣọ́ bodè wà.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ẹran ti máa ń bí èèyàn nínú. Ní Èkó, oúnjẹ gidi ni wọ́n fi ń gba aláìsàn tó bá rù. Ní Ṣùúrùlérè, ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ibi yòówù kó jẹ́, aládùúgbò tó bá ti gbọ́ á gbé kúlà wá: “Àǹtí, ẹ fún un lẹ́ran jàre. Ẹ ò rí bó ṣe rù ni? Mo fi ẹ̀dọ̀ màlúù sí i fún yín, ẹ̀dọ̀ ló ń tún ẹ̀dọ̀ ṣe.” Inú rere ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀, kíndìnrín àti ẹran pupa wà lára oúnjẹ tí amóníà ti ń jáde jù. Ajá tó jẹ ẹ́ lọ́sàn-án lè máa fi orí ti ògiri nírọ̀lẹ́, aládùúgbò á sì tún sọ pé ebi ló ń pa á.

Ọ̀tọ̀ ni ti àwọn tó gbọ́ ìyẹn tán, tí wọ́n wá ń fi ìrẹsì funfun nìkan bọ́ ajá. Àwọn yẹn náà ń ṣe é léṣe. Puròtíìnì ni ẹ̀dọ̀ yóò fi hù, ẹran ara ajá náà sì máa ń bá ẹ̀dọ̀ pa lára amóníà. Bí ẹran ara bá joro tán, olùrànlọ́wọ́ kan ti lọ nìyẹn. Puròtíìnì tó mọ níwọ̀n, tó sì rọrùn láti dà ni wọ́n ń wá: ẹyin sísè, wàrà, sóyà, nínú ìrẹsì tó rọ̀ dáadáa. Oúnjẹ ajá tí wọ́n dìídì ṣe fún aláìsàn ẹ̀dọ̀ ló pé jù bó bá wà. Ti ilé, kí dókítà ló wọ̀n ọ́n, nítorí pé oúnjẹ ilé tí wọn ò wọ̀n á máa ní ohun tó kù díẹ̀ káàtó tó bá pẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin tàbí ẹ̀ẹ̀márùn-ún lójúmọ́, kékeré kékeré, kí ọkọ̀ má já gbogbo ẹrù lẹ́ẹ̀kan. Oúnjẹ ajá tí wọ́n ń wọ̀n ní kọ́ńgò látinú àpò tó ṣí sílẹ̀ lọ́jà, ní àsìkò òjò pàápàá, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Àgbàdo àti ẹ̀pà tí ọ̀rinrin ti mú kó hu funfun-funfun máa ń ní májèlé tó ń ba ẹ̀dọ̀ tó dá ṣáṣá jẹ́, ká má tíì wá sọ ti èyí.

Oògùn tí àwọn ará ilé máa ń ṣì lóye jù ni lactulose, oògùn olómi dídùn tí ilé oògùn ń tà fún ẹni tí ìgbẹ́ le fún. Ṣúgà ni, ṣùgbọ́n ara kò lè dà á, nítorí náà yóò rìn títí dé ìfun ńlá bó ṣe wà. Níbẹ̀ ni àwọn kòkòrò yẹn á ti jẹ ẹ́, inú ìfun á sì kan. Amóníà tó bá bọ́ sínú ìfun tó kan á yí padà sí irú èyí tí kò lè la ògiri ìfun kọjá mọ́. Ẹrù òfin ti há sínú kọ̀ǹténà, wọ́n ti ti àgádágodo mọ́ ọn, kò lè kúrò nínú ọkọ̀. Oògùn náà á tún fa omi sínú ìfun, ìgbẹ́ á rọ̀, á sì gbé kọ̀ǹténà náà jáde.

Kó tó di ọjọ́ kejì, ẹnìkan nílé á pariwo pé, “Ó ń ṣunú!”, wọ́n á sì dá oògùn dúró. Ìgbẹ́ rírọ̀ tó ṣì ṣeé kó nílẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, òun gan-an ni wọ́n tìtorí rẹ̀ fún un. Bó bá ń ṣàn bí omi, ó ti pọ̀ jù, omi ara ajá á gbẹ, ìyẹn náà sì ń gbé amóníà ga. Ẹ pe dókítà kó dín in kù. Bí ìgbẹ́ bá le, tàbí tí kò jáde látàárọ̀ dalẹ́, ìyẹn ló yẹ kó kó jìnnìjìnnì báni.

Flagyl tí dókítà kọ wà fún dídín àwọn kòkòrò náà kù. Kí ẹnikẹ́ni má fi ojú díwọ̀n ìdajì hóró tirẹ̀ fún ajá. Ẹ̀dọ̀ ló ń tú u palẹ̀, bó bá sì pọ̀ jù, ọpọlọ ló máa ń kọlù, ajá á máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́, wọ́n á rò pé àìsàn àtijọ́ ló padà. Parasítámọ̀ léwu fún un. Ibuprofen lè dá egbò sínú ikùn rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó bá sì ń sun sínú ìfun, bí ẹni fi ẹran pupa bọ́ ọ láìròtẹ́lẹ̀ ni. Àgbo tí wọ́n ní ó ń fọ ẹ̀dọ̀, ẹ má fún un rárá.

Ọ̀sẹ̀ kan àkọ́kọ́ ni gìrì lè mú ajá, kódà kí òrùka wà ní ipò rẹ̀, kí amóníà má sì pọ̀. Títí di ìsinsìnyí, àwọn dókítà kò tíì fẹnu kò lórí ohun tó ń fà á. Ọ̀pọ̀ géètì àdúgbò ní Èkó ni wọ́n máa ń tì lóru. Kí ọlọ́dẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé wọ́n lè kan ìlẹ̀kùn rẹ̀ láago 2 òru, kí nọ́ńbà ilé ìwòsàn ẹranko tó ń ṣí mọ́jú sì ti wà lórí fóònù. Ikùn tó ń wú, ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, èrìgì tó funfun, wọn kì í dúró de ilẹ̀ mọ́. Ajá tó kéré gan-an tún lè dákú nítorí pé ṣúgà ara rẹ̀ lọ sílẹ̀: ẹ fi ìka pa oyin díẹ̀ sí i léèrìgì, kí ẹ tó gbé e sọ́kọ̀. Bí gìrì bá ṣì mú un lọ́wọ́, ẹ má da ohunkóhun sí i lẹ́nu.

Lẹ́yìn oṣù méjì sí mẹ́ta, dókítà á gba ẹ̀jẹ̀ ajá lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ kan, kó tó jẹun àti wákàtí 2 lẹ́yìn oúnjẹ, láti wo bí ẹ̀dọ̀ ṣe ń gba omi òróòro padà látinú ẹ̀jẹ̀. Iye náà lè má bọ̀ sípò pátápátá, kí ajá máa sáré ká ilé, kó máa jẹun, kó máa gbó ẹni tó ń bọ̀. Ajá yẹn sàn, ohun yòówù kí ìwé wí. Oògùn ni wọ́n á kọ́kọ́ dín kù, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àlàfo ọjọ́ mélòó kan láàárín wọn, kó lè jẹ́ pé bó bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí po lójú kan, wọ́n á mọ èyí tí wọ́n tètè yọ. Oúnjẹ ló máa ń kẹ́yìn.