Bí ọ̀rọ̀-ìṣe "emanate" ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì

Inú ìwé ìròyìn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ní Nàìjíríà ti ń pàdé emanate. "Reports emanating from Abuja" làwọn akọ̀ròyìn ń kọ, ìyẹn ni pé ìròyìn ń ti Àbújá jáde. Ìlò yìí tọ̀nà, àmọ́ ó ti wọ́pọ̀ débi pé àwọn kan rò pé "ti ibì kan wá" nìkan ni ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí. Ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó bá ń emanate ní orísun, ó sì ń ti ibẹ̀ jáde fúnra rẹ̀ láìdúró de ẹni tí yóò tì í.

Látìnì ni wọ́n ti mú un. Manare ni kí omi máa sun tàbí kó máa ṣàn. E- tó wà níwájú rẹ̀ ló fi hàn pé ìta ni ìṣàn náà kọrí sí. Manere, tó túmọ̀ sí "dúró", tó sì bí permanent àti remain, yàtọ̀ sí i pátápátá bí ìró wọn tilẹ̀ jọra. Síbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì òde òní kì í sábà lo emanate fún omi mọ́. Flow ni ti odò. Ohun tí ọwọ́ kò lè dì mú ni emanate wà fún: òórùn, ìmọ́lẹ̀, ooru, ìró, ìròyìn, àṣẹ.

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ògbufọ̀ ti le, nítorí Yorùbá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ọ̀rọ̀-ìṣe tirẹ̀. Òórùn ń ta sánsán, ìmọ́lẹ̀ ń tàn, èéfín ń rú, ariwo ń sọ, òkìkí ń kàn. Ẹni tó bá fẹ́ túmọ̀ "A delicious smell emanated from the kitchen" ní láti kọ́kọ́ wo ohun tó ń jáde, kí ó tó wo orísun rẹ̀: òórùn oúnjẹ ń ta sánsán láti ilé ìdáná. Bó bá fi "jáde wá" bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀, adùn gbólóhùn náà ti lọ.

Ní ti gírámà, ohun tó ń jáde ni olùwà, from ló sì máa ń tọ́ka sí orísun. Ọ̀rọ̀-ìṣe náà kì í sábà gba àbọ̀. Nítorí náà, àṣìṣe ni "The order was emanated from the governor's office". "The order emanated from the governor's office" ló tọ́. Emit ni òdìkejì rẹ̀, torí orísun ló máa ń ṣe olùwà tirẹ̀: "The chimney emits smoke", ṣùgbọ́n "Smoke emanates from the chimney". Ìlò kan wà tí emanate ti ń gba àbọ̀, bíi "She emanates confidence", níbi tí ènìyàn ti jẹ́ orísun ìwà kan. Àwọn ìwé atúmọ̀ èdè gbà á, àmọ́ radiate tàbí exude máa ń dùn létí jù níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀-orúkọ rẹ̀, emanation, ti rin ìrìn àjò tó jìn. Ẹ̀kọ́ Plotinus, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tó kọ́ni ní Róòmù ní ọ̀rúndún kẹta, ni wọ́n ń fi í pè: pé gbogbo ohun tó wà ń ti ara Ọ̀kan ṣoṣo jáde, bí ooru ṣe ń ti ara iná jáde, tí Ọ̀kan náà kò sì dín kù. Ní 1900, Ernest Rutherford, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, fi emanation pe ohun tó rí pé ó ń jáde láti ara thorium, mẹ́táàlì kan tó ń tú ìtànṣán jáde. Ọdún yẹn kan náà ni Friedrich Ernst Dorn ní Jámánì rí i pé radium, mẹ́táàlì mìíràn bíi thorium, náà ń tú irú rẹ̀ jáde. Gáàsì tí wọ́n ń pè ní radon lónìí ni. Ní 1965 ẹ̀wẹ̀, nínú ẹjọ́ Griswold v. Connecticut, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Amẹ́ríkà dá ẹ̀tọ́ àwọn tọkọtaya láti lo oògùn ìfètòsọ́mọbíbí láre. Òfin ìpìlẹ̀ kò dárúkọ ẹ̀tọ́ àṣírí ẹni níbì kankan, ṣùgbọ́n Adájọ́ William O. Douglas kọ ọ́ pé àwọn ẹ̀tọ́ tó dárúkọ ní "emanations", ohun tó ń ti ara wọn jáde, tó sì ń fún wọn ní ẹ̀mí, àti pé inú ìyẹn ni ẹ̀tọ́ àṣírí ẹni ti wá. Awuyewuye lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn kò tíì tán láàárín àwọn amòfin.

Ọ̀rọ̀ ìwé ni emanate, kì í ṣe ti ẹnu ọjà. Kò sì bá ènìyàn tó ń sọ ìlú rẹ̀ mu: "I emanate from Ibadan" kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì tí ẹnikẹ́ni ń sọ, "I come from Ibadan" ni.