Ẹrù Kọ́ Ni Oògùn Píkọ́ọ̀pù Tó Ń Ta Lẹ́yìn

Ní ibùdókọ̀ gbogbo, láti Ṣábẹ̀ẹ́ dé Kétu títí wọ Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin, ẹ ó gbọ́ ọ lẹ́nu awakọ̀: píkọ́ọ̀pù tó bá ń ta lẹ́yìn, ẹ di ẹrù sí i, ara rẹ̀ á balẹ̀; bí ẹrù bá sì ṣe ń pọ̀ sí i ni yóò máa rọ̀ sí i. Ìdajì ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ òótọ́. Òótọ́ inú rẹ̀ yẹn gan-an ló jẹ́ kí ìdajì kejì rí ojú rere, tó fi ń ba ọkọ̀ jẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ wo ìdí tí ọkọ̀ òfìfo fi ń ta. Ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù jókòó lórí àwọn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra, èyí tí àwọn mẹkaníìkì wa ń pè ní lámù; àtòpọ̀ wọn ni sípíríǹgì ẹ̀yìn. Ẹni tó ṣe ọkọ̀ náà mọ̀ pé yóò ru nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan, ó sì jẹ́ kí irin náà le tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹ̀yìn bá ṣófo, irin tó yẹ kó gbé àpò àgbàdo mẹ́sàn-án kò rí nǹkan gbé. Kòtò kékeré kan, ó ti ta. Kò sí ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀.

Ká fi ìṣirò ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní 600 kg ló wà lórí sípíríǹgì méjèèjì ẹ̀yìn nígbà tí ọkọ̀ ṣófo, kí sípíríǹgì náà sì gba 120 kg kó tó rì ní sẹ̀ǹtímítà kan. Bí ẹ bá kó sí kòtò, ẹ̀yìn ọkọ̀ yóò máa lọ sókè-sódò ní nǹkan bí ìgbà 2.2 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ gbé 900 kg lé e, ó di ìgbà 1.4. Ìfì bí ìgbà kan sí ìgbà kan àbọ̀ kì í ni ara ènìyàn lára. Èyí tó bá yá ju bẹ́ẹ̀ lọ ló ń ni í, pàápàá láti ìgbà 4 dé ìgbà 8, tó máa ń gbọn ikùn àti ẹ̀yìn. Nítorí náà, ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ tó ní ẹrù tó sì sọ pé ó ti rọ̀, kò purọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn tó ní píkọ́ọ̀pù ńláńlá bíi Ford F-250 àti Ram 2500 ti máa ń gbé odindi yàrá kékeré, pẹ̀lú ibùsùn àti ibi ìdáná, lé ẹ̀yìn ọkọ̀ rìnrìn àjò. Yàrá bẹ́ẹ̀ lè wọn tọ́ọ̀nù kan sí méjì. Píkọ́ọ̀pù tó ń gbọn eyín nígbà tó ṣófo á wá máa lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lábẹ́ rẹ̀, olówó ọkọ̀ á sì gbà pé ohun gbogbo wà létòlétò. Ṣùgbọ́n ìwé kékeré kan wà lára férémù ilẹ̀kùn awakọ̀ tó sọ iye kílò tí ènìyàn àti ẹrù kò gbọdọ̀ kọjá. Yàrá tó tu ọkọ̀ náà lára lè ti jẹ iye yẹn tán kí wọ́n tó rọ omi sínú táńkì rẹ̀, bẹ́ẹ̀ lítà omi kọ̀ọ̀kan, kílò kan ni. Ìdí tí ara kò fi lè wọn ẹrù nìyí: ọkọ̀ tó gbé iye tó yẹ àti èyí tó ti gbé 300 kg kọjá lè dà bákan náà lórí àga.

Títí di ibo wá ni ẹrù ń rọ ọkọ̀? Lábẹ́ ọ̀pọ̀ sípíríǹgì ẹ̀yìn, lámù kan tàbí méjì tó nípọn wà nísàlẹ̀ pátápátá, tí kì í ṣiṣẹ́ nígbà tí ọkọ̀ ṣófo. Bí ẹrù bá pọ̀ dé ìwọ̀n kan, àwọn tòkè á tẹ̀ bá a, sípíríǹgì á sì le sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá tún rì ju ìyẹn lọ, rọ́bà dúdú tó wà lábẹ́ ṣáásí á máa gbá ásù, irin gbọọrọ tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀. Nígbà náà ni ẹ ó máa gbọ́ "gbì" ní gbogbo òkìtì tí wọ́n fi ń dín eré kù ní ẹnu ìlú. Ọkọ̀ tó ń ṣe báyìí ti le ju òfìfo lọ, ìkọlù kọ̀ọ̀kan sì ń lọ tààrà sí ibi tí wọ́n de sípíríǹgì mọ́ ṣáásí. Ibẹ̀ ló máa ń sán. Bí kò bá dá yín lójú bóyá rọ́bà náà ń kan ásù, ẹ fi gírísì díẹ̀ pa á lẹ́nu kí ẹ tó gbéra ní Kétu. Bí ẹ bá dé Pọbẹ̀ tí gírísì náà ti yí ásù lára, ó ṣeé ṣe kí ẹrù náà ti pọ̀ jù fún sípíríǹgì yẹn.

Sọ́ọ̀kì náà ní tirẹ̀ níbẹ̀ (amọ́tísọ̀ọ̀, lẹ́nu àwọn mẹkaníìkì Àjàṣẹ́). Sípíríǹgì ló ń gbé ọkọ̀. Sọ́ọ̀kì ló ń sọ fún un pé kó dẹ́kun ìfì. Nínú àpẹẹrẹ tí a ṣe, ohun tó wà lórí sípíríǹgì ti lọ láti 600 kg sí 1,500 kg, agbára ìdádúró sọ́ọ̀kì kan náà sì ti dín kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta sí ohun tó yẹ kó dá dúró. Sọ́ọ̀kì tó ti rẹ̀ yóò ṣe é díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ òfìfo, ẹnikẹ́ni kò ní fura. Lábẹ́ ẹrù, ọkọ̀ á kọjá kòtò kan tán, á tún máa forí bọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹrin. Àwọn kan máa ń pe ìyẹn ní ìrọ̀rùn. Bí epo bá ń ṣàn lára sọ́ọ̀kì, tàbí tí ojú táyà ń jẹ ní kòtòkòtò yíká, ẹ pààrọ̀ méjèèjì ẹ̀yìn pọ̀. Ẹ má ṣe pààrọ̀ ẹyọ kan.

Ibi tí ẹrù jókòó sí tún ju iye rẹ̀ lọ nígbà mìíràn. Hilux onílẹ̀kùn mẹ́rin, láti àárín táyà iwájú dé àárín táyà ẹ̀yìn, 3.085 m ni. Ká ní ẹ gbé 600 kg, tí àárín ẹrù náà sì bọ́ sí ìdajì mítà níwájú ásù ẹ̀yìn: táyà iwájú gba 97 kg, ẹ̀yìn gba 503. Ẹ wá ti ẹrù yẹn kan náà sẹ́yìn títí àárín rẹ̀ fi bọ́ sí ìdajì mítà lẹ́yìn ásù. Ẹ̀yìn ń ru 697 kg báyìí, ó sì tún ti gbé 97 kg kúrò lórí táyà iwájú. Sítíárìn á fúyẹ́, táyà iwájú kò ní di ilẹ̀ mú bó ṣe yẹ lórí òjò, bíréèkì iwájú, tó ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ìdádúró, kò ní rí ìwúwo tẹ̀ mọ́lẹ̀. Iná iwájú náà á gbójú sókè, á máa fọ́ ojú ẹni tó ń bọ̀. Àwọn ọkọ̀ kan ní bọ́tìnnì 0 sí 3 lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíárìn fún ìyẹn. Ẹ yí i. Ibi ẹrù ọkọ̀ onílẹ̀kùn mẹ́rin kúrú, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì wà lẹ́yìn ásù, nítorí náà sìmẹ́ǹtì àti àpò àgbàdo ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tò mọ́ ẹ̀yìn orí ọkọ̀, kí ohun fúyẹ́ tó tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó tò dáadáa, ẹ wọn gíga láti ilẹ̀ dé etí páànù lókè táyà iwájú kí ẹ tó di ẹrù, kí ẹ tún un wọ̀n lẹ́yìn rẹ̀. Bí iwájú bá ga sí i, ẹrù ti lọ sẹ́yìn jù.

Ti èédú tí wọ́n ń kó bọ̀ láti agbègbè Ṣábẹ̀ẹ́, tí wọ́n tò ga ju orí ọkọ̀ lọ, gíga ni ìyọnu rẹ̀. Yóò rọ̀ ní títì tó gún. Ní kọ́nà ni yóò ti sọ tẹnu rẹ̀.

Nísinsìnyí, ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe nígbà tí ẹ̀yìn bá rì: wọ́n á ní kí mẹkaníìkì fi lámù kún un. Ọkọ̀ á ga, ojú á sì rí i pé agbára rẹ̀ ti pọ̀ sí i. Kò pọ̀ sí i. Ásù, bẹ́árìnnì, bíréèkì, ṣáásí àti táyà ṣì ni ti àtẹ̀yìnwá, PTAC (ìwúwo tí ọkọ̀ pẹ̀lú ohun gbogbo tó gbé kò gbọdọ̀ kọjá) tó wà nínú carte grise, ìyẹn ìwé ọkọ̀, kò sì yí padà. Sípíríǹgì tó gba 120 kg fún sẹ̀ǹtímítà kan tẹ́lẹ̀ wá lè máa gba 160. Nígbà tí ọkọ̀ bá ṣófo, ìfì rẹ̀ lọ láti ìgbà 2.2 sí ìgbà 2.6. Ẹ ti fi owó ra títa tí ẹ ń sá fún.

Èyí tó burú jù kò sí nínú sípíríǹgì rárá. Lórí ọ̀pọ̀ Hilux àtijọ́, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà láti ásù ẹ̀yìn lọ sídìí fáálù bíréèkì tó wà lára ṣáásí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mọ bí ẹ̀yìn ṣe rì tó. Bí ẹ̀yìn bá ga, fáálù gbà pé kò sí ẹrù, ó dín bíréèkì ẹ̀yìn kù kí táyà má bàa gan kó máa yọ̀. Bí ẹ̀yìn bá rì, ó jẹ́ kí bíréèkì ẹ̀yìn ṣiṣẹ́ kíkún. Ẹ fi lámù méjì kún un, ẹ̀yìn ò rì mọ́: fáálù á máa rò pé ọkọ̀ ṣófo, nígbà tí tọ́ọ̀nù kan jókòó lé e. Bíréèkì iwájú á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa dá gbogbo rẹ̀ ṣe, pádì á máa gbóná, ọkọ̀ á sì máa rìn jìnnà kó tó dúró. Ẹni tó bá ti fi lámù kún ọkọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí mẹkaníìkì tún ọ̀pá yẹn tò gẹ́gẹ́ bí ìwé ọkọ̀ ṣe là á sílẹ̀. Kí wọ́n má ṣe fi wáyà so ó sókè: bíréèkì ẹ̀yìn á wá máa gan nígbà tí ọkọ̀ bá ṣófo, ìdí ọkọ̀ á sì fẹ́ ṣáájú orí lórí ọ̀dà tó tutù. Lẹ́yìn iṣẹ́ sípíríǹgì, kí wọ́n tún fún bóòtì onírìísí U tó di ásù mọ́ sípíríǹgì lẹ́yìn ìrìn ọgọ́rùn-ún kìlómítà mélòó kan. Bí ó bá tú, ẹnu bóòtì àárín tó kó lámù pọ̀ á gé, ásù á sì yẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀.

Ká má gbàgbé táyà, nítorí àwọn kan máa ń tú atẹ́gùn rẹ̀ sílẹ̀ kí ọkọ̀ ẹlẹ́rù lè rọ̀ sí i lórí ọ̀nà pupa tó rí gẹ́lẹ́ bíi páànù ìbolé. Ògiri táyà á máa ká, á máa gbóná, á sì bẹ́ nígbà tí ẹ bá padà sórí ọ̀dà tí ẹ ń sáré. Nọ́ńbà atẹ́gùn táyà méjì ló sábà máa ń wà lára ilẹ̀kùn awakọ̀, ti òfìfo àti ti ẹlẹ́rù. Òwúrọ̀ kùtùkùtù, kí táyà tó rìn, ni kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ tún ka nọ́ńbà ẹrù tó wà lára táyà fúnra rẹ̀: 112 túmọ̀ sí pé táyà kan lè ru 1,120 kg, 121 jẹ́ 1,450 kg, ṣùgbọ́n 91 tó jẹ́ ti ọkọ̀ ilé kò ju 615 lọ. Ọ̀pọ̀ táyà àlòkù tí wọ́n ń gbé sídìí píkọ́ọ̀pù bá ihò rẹ̀ mu, kò bá ẹrù rẹ̀ mu.

Ìṣirò ẹrù fúnra rẹ̀ rọrùn. Ẹ mú PTAC nínú carte grise, ẹ yọ ìwúwo òfìfo kúrò. Bí PTAC bá jẹ́ 2,800 kg tí òfìfo sì jẹ́ 1,900, ó ku 900. Ènìyàn márùn-ún tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wọn 70 kg ti gba 350. Ó ku 550: àpò sìmẹ́ǹtì mọ́kànlá, tàbí àpò àgbàdo ọlọ́gọ́rùn-ún kílò márùn-ún pẹ̀lú díẹ̀ lé.

Bí ẹ bá sì ti já ẹrù sílẹ̀ tán ní ọjà Ouando ní Àjàṣẹ́, tí ọkọ̀ bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í ta bí ẹ ṣe ń padà lọ sí Kétu, ẹ wo atẹ́gùn táyà ẹ̀yìn kí ẹ tó wo sípíríǹgì. Nọ́ńbà ẹlẹ́rù ló ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó tutù di àárọ̀, kí ẹ wá dín in kù sí nọ́ńbà òfìfo.