Bí Àwọ̀ Ṣe Ń Yanjú Àtẹ Ìdánwò

Ẹni tó ń ṣètò ìdánwò ní yunifásítì bíi FUTA ní Àkúrẹ́ ní òfin kan tí kò gbọ́dọ̀ rú: akẹ́kọ̀ọ́ kan kò lè jókòó ṣe ìdánwò méjì ní àkókò kan náà. Ẹ̀ka ìṣirò tí wọ́n ń pè ní gíráàfù máa ń sọ irú òfin bẹ́ẹ̀ di àwòrán. Kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan á di kókó, a ó sì fi ìlà so kókó méjì pọ̀ bí ó kéré tán akẹ́kọ̀ọ́ kan bá forúkọ sílẹ̀ fún méjèèjì. Àkókò ìdánwò á wá di àwọ̀ tí a ó fi kun àwọn kókó, kókó méjì tí ìlà so pọ̀ kò sì gbọ́dọ̀ gba àwọ̀ kan náà. Iye àwọ̀ tó kéré jù lọ tó lè tó ni iye àkókò tó kéré jù lọ tí ìdánwò yóò gbà.

Òrùka ni ọ̀jọ̀gbọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ yà sójú pátákó. Bí kọ́ọ̀sì mẹ́rin bá so mọ́ra yí po, pupa àti búlúù ti tó. Bí wọ́n bá di márùn-ún, a ó kun pupa, búlúù, pupa, búlúù, ìkarùn-ún yóò sì há sáàárín pupa àti búlúù, àfi kí a wá àwọ̀ kẹta. Bó ṣe rí nìyẹn fún òrùka yòówù tí iye kókó rẹ̀ kò bá ṣe é pín sí méjì dọ́gba.

Fún àwòrán ńlá, ọ̀nà tó yá jù ni pé kí a máa mú kókó lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a sì fún un ní àwọ̀ àkọ́kọ́ tí àwọn tó so mọ́ ọn kò tíì gbà. Bí kò bá sí kọ́ọ̀sì tó so mọ́ ju mẹ́wàá lọ, àwọ̀ mọ́kànlá yóò tó dájúdájú, nítorí pé bí mẹ́wẹ̀ẹ̀wá bá tilẹ̀ gba àwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìkọkànlá ṣì ṣófo. Àléébù rẹ̀ ni pé bí a bá ṣe tò wọ́n ló ń pinnu iye àwọ̀ tí a ó ná. Ní 1972, Richard Karp, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, fi hàn pé wíwá iye àwọ̀ tó kéré jù lọ wà lára àwọn ìṣòro tó jẹ́ pé, bí ẹnikẹ́ni bá rí ọ̀nà tó yá fún ọ̀kan, ó ti rí i fún gbogbo wọn. Títí di òní, kò sẹ́ni tó rí i. Ìdí nìyí tí àwọn olùwádìí fi ń mú irú àwòrán kan pàtó, tí wọ́n sì ń wá ẹ̀rí iye àwọ̀ tí kò ní kọjá.

Àwòrán ilẹ̀ ló lókìkí jù nínú wọn: ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni kókó, ìlà sì so àwọn tó bára wọn pààlà pọ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ 18 ni Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní. Bí ilẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ti jẹ́ ojú kan, àwọ̀ mẹ́rin tó láti kùn wọ́n tí àwọn tó bára wọn pààlà kò fi ní jọra. Onímọ̀ ìṣirò kan, Kempe, gbé ẹ̀rí pé àwọ̀ mẹ́rin tó jáde ní 1879, ẹ̀rí náà sì dúró fún ọdún 11 kí onímọ̀ ìṣirò mìíràn, Heawood, tó rí àlèébù inú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìṣirò méjì, Appel àti Haken, ló parí rẹ̀ ní 1976, kọ̀ǹpútà ni wọ́n sì fi yẹ àìmọye ẹ̀yà àwòrán wò. Èyí kò ṣe é kọ́ lójú pátákó. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń kọ́ ni ẹ̀rí pé àwọ̀ márùn-ún tó, èyí tí Heawood ṣà jáde nínú iṣẹ́ Kempe tó wó, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ènìyàn lè tọ ìgbésẹ̀ rẹ̀ dé òpin fúnra rẹ̀.