Ta ni aṣọ kì í tàn jẹ?

Aṣọ eré ni mo ń rán nítòsí ọjà Akẹ̀sán, nílùú Ọ̀yọ́. Bí mo bá sọ iṣẹ́ mi fún ènìyàn, èsì kan náà ni mo sábà máa ń gbọ́: “Ti àwọn òǹwòran nìyẹn. Èmi kì í fi aṣọ díwọ̀n ènìyàn.” Ohun tó wà lọ́kàn wọn ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀.

Òṣèré kan ṣoṣo lè jẹ́ kábíyèsí láàárọ̀, kó di àgbẹ̀ lọ́sàn-án. Bó bá wà nínú agbádá sányán, tí ìyùn kún ọrùn rẹ̀, àwọn tó ń gbé iná kámẹ́rà, tí wọ́n jọ jẹ ẹ̀wà àti búrẹ́dì láàárọ̀ yẹn, á máa yà fún un lọ́nà. Bó bá bọ́ ọ, tó gbé kíjìpá wọ̀, àwọn kan náà á ní kó bá àwọn gbé àga. Kò sẹ́ni tó rán wọn. Kíjìpá ọ̀hún, èmi ni mo rẹ ẹ́ sínú omi amọ̀, tí mo fi òkúta ha á. Orúnkún àti ìdí ni aṣọ àgbẹ̀ ti ń kọ́kọ́ ṣá, ibẹ̀ ni mo sì ń bá bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá jẹ́ kó ṣá dọ́gba láti òkè dé ilẹ̀, ara òǹwòran á kọ̀ ọ́, bí kò tilẹ̀ lè sọ ohun tó fà á.

Ní ọdún 2020, DongWon Oh, Eldar Shafir àti Alexander Todorov, tí wọ́n ṣèwádìí lórí bí aṣọ ṣe ń darí ojú wa, ní Yunifásítì Princeton ní Amẹ́ríkà, gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde. Wọ́n fi àwòrán ojú ènìyàn han àwọn kan, wọ́n ní kí wọ́n sọ bí ẹni náà ṣe mọṣẹ́ tó. Aṣọ tí gbogbo ayé ń wọ̀ ló wà lọ́rùn àwọn tó wà nínú àwòrán, ó kàn jẹ́ pé òmíràn jọ ti olówó díẹ̀. Ojú tó wà lókè aṣọ olówó ni wọ́n ń pè ní ọ̀jáfáfá. Àwọn olùwádìí ní kí wọ́n má wo aṣọ, kò yí padà. Wọ́n ṣèlérí owó fún ẹni tí ìdájọ́ rẹ̀ bá tọ́, kò yí padà. Àní nígbà tí àwòrán ò lò ju ìdá 129 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá kan, ojú ti gbé ìdájọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

Ohun tó sì ń dùn mí jù ni pé ẹni tó ń yangàn pé aṣọ olówó ò lè mú òun, aṣọ gbígbó ló máa ń mú un. Ó mú èmi náà rí. Ọkùnrin kan wá ra aṣọ ẹtù láwìn, abulẹ̀ wà léjìká dàńṣíkí rẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ rán an wẹ́kúwẹ́kú. Mo wo abulẹ̀ yẹn, mo ní olóòótọ́ nìyí. N kò tún fojú kàn án mọ́. Bẹ́ẹ̀, irú abulẹ̀ yẹn gan-an ni mo máa ń rán fún ẹni tó bá ń ṣe ọmọlúàbí tí ìyà ń jẹ nínú eré!

Àwọn baba wa ní Ọ̀yọ́ ti rí irú èyí. Nígbà tí Aláàfin Abípa fẹ́ kó ìlú kúrò ní Ìgbòho padà sí Ọ̀yọ́-Ilé, àwọn ìjòyè tí kò fẹ́ lọ dọ́gbọ́n. Wọ́n kó abuké, àfín, aràrá, arọ àti àwọn mìíràn lọ sórí Òkè Àjàká, kí wọ́n máa gbé ògùṣọ̀ kiri lóru, kí wọ́n máa ké pé, “Kò sáyè, kò sáyè!” Òkùnkùn ni aṣọ eré tí wọ́n wọ̀ fún wọn. Àwọn tí ọba rán lọ wo ilẹ̀ sá padà wálé, wọ́n ní iwin ti gba ibẹ̀. Ọba wá rán ọdẹ mẹ́fà. Àwọn yẹn sún mọ́ wọn, ènìyàn ni wọ́n bá, wọ́n sì kó wọn wálé. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè é ní Ọba Mọ́rọ̀, ọba tó mú ọ̀rọ̀, ìyẹn iwin.

Èmi ò ní kí ojú mi má wo aṣọ mọ́, kò ní gbọ́. Mo kọ ọ́ sí páálí, mo gbé e kọ́ sókè ẹ̀rọ ìránṣọ mi: ìdajì owó kí n tó gé aṣọ, ẹni yòówù kó jẹ́.