Bitcoin ni à ń pè é, satoshi ni à ń kà

Ìbéèrè tí àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ nípa owó orí ayélujára máa ń bi mí jù ni pé, ṣé dandan ni kí ènìyàn ra odidi Bitcoin kan? Kì í ṣe dandan rárá. Bitcoin kan ṣoṣo ṣeé pín sí ọ̀nà 100,000,000, satoshi sì ni orúkọ ìpín kọ̀ọ̀kan, láti ara Satoshi Nakamoto, orúkọ tí ẹni tí ó gbé ètò náà jáde ní ọdún 2008 fi pe ara rẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fura sí ni pé kò sí ìdajì tàbí ìdámẹ́rin kankan nínú ìwé àkọsílẹ̀ tí àwọn kọ̀ǹpútà ń tọ́jú: iye satoshi nìkan ni wọ́n ń kọ síbẹ̀, ní odidi. Bí ẹ bá rí 0.0025 lójú fóònù yín, 250,000 ni ó wà nínú àkọsílẹ̀. Fóònù ni ó pín in kí ó tó fi hàn yín. Àwọn òdo tí ó tò tẹ̀lé pọ́íǹtì yìí ni ó ń kó ènìyàn sí ìjàngbọ̀n. Ẹni tí ó fẹ́ fi 0.001 ránṣẹ́, tí ó wá tẹ 0.01, ti san ìlọ́po mẹ́wàá, kò sì sí ẹni tí yóò bá a gbà á padà, àfi bí ẹni tí ó gbà á bá yọ̀ǹda rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń gbà yín níyànjú pé, bí àpò owó yín, ìyẹn áàpù tí ẹ fi ń tọ́jú Bitcoin, bá gbà á, ẹ yí i kí ó máa fi satoshi hàn yín, kí ẹ lè máa ka odidi.

Àwọn orúkọ mìíràn wà láàárín, bíi millibitcoin, tí í ṣe 100,000 satoshi, àti bit, tí í ṣe 100. Ẹ kàn dá wọn mọ̀, ó tó.

Ti Ethereum, ètò mìíràn tí ether jẹ́ owó rẹ̀, tún kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ: wei ni ìpín rẹ̀ tí ó kéré jù, iye wei tí ó wà nínú ether kan sì ni a kọ ní 1 tí òdo 18 tẹ̀lé. Gwei, tí í ṣe 1,000,000,000 wei, ni a fi ń sọ iye owó gas, ìyẹn ẹyọ tí a fi ń wọn iṣẹ́ tí ètò náà ń ṣe. Bí a bá fi ether ránṣẹ́ lásán, gas 21,000 ni yóò lò. Bí ẹyọ gas kan bá jẹ́ gwei 10, owó iṣẹ́ náà yóò jẹ́ gwei 210,000, èyí tí í ṣe 0.00021 ether.